Iná Tí Kò Sí Nínú Gìtá

Bándélé kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan. Bí ó bá ti fẹ́ràn nǹkan, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ títí yóò fi di tirẹ̀ nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irọ́ ni yóò fi gbà á.

Òṣogbo ni ó ń gbé, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ni ní Àbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó fẹ́ràn jù ni irú gìtá oníná àtijọ́ kan, oníwo méjì, tó pupa bí ẹyìn ọ̀pẹ tó pọ́n. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti kógbá sílé tipẹ́. Mẹ́ta wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, yóò sọ̀ wọ́n kalẹ̀, yóò fi aṣọ rírọ̀ nù wọ́n, yóò ta okùn wọn díẹ̀, yóò sì fetí sí i bí ẹni ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀.

Ìbíjọkẹ́, ìyàwó rẹ̀, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyàwó mẹ́ta lẹ gbé kọ́ ògiri yìí, bàbá Èyítáyọ̀. Èmi ni ìkẹrin wọn."

"Àwọn tara ògiri kì í yan èèyàn lódì ní tiwọn," ni Bándélé yóò fèsì, wọn a sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n mẹ́ta kò tó o. Àkọ́ṣe wọn, èyí tó ní àwo funfun láyà, ni kò tíì ní. Ìgbà tí wọ́n lọ sìnkú àna rẹ̀ kan ní Iwaraja ló rí i nínú ìjọ Kérúbù kan, lọ́rùn Bàbá Barnabas. Àgbẹ̀ ni bàbá yìí, láti ìgbà èwe rẹ̀ ló sì ti ń fi gìtá náà yin Ọlọ́run. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí níbi tí apá bàbá máa ń sinmi lé, igi náà sì ń dán níbẹ̀ bí awọ ara. Nígbà tí bàbá ta á, omijé lé sójú Bándélé.

Ó yẹ kó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún bàbá. Ọ̀kánjúwà kò jẹ́. Ó rò pé bí bàbá bá mọ bí òun ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó, kò ní yọ̀ǹda rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa," ni ó wí lẹ́yìn ìsìn. "Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí nítorí yín. Iná máa ń jò nínú irú gìtá yìí. Gbogbo wọn pátá ni, kò sì sí oníṣẹ́ tó lè tún un ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ kì í wọ bàtà nílé Ọlọ́run, ẹ̀yin gan-an ni yóò pa."

Bàbá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí símẹ́ńtì. "Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló sì máa ń dúró tì mí," ni ó wí jẹ́jẹ́.

"Ẹ má dààmú, sà. Màá gbé tuntun wá fún yín, màá sì gbé èyí lọ síbi tí kò ti ní pa ẹnikẹ́ni lára."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Bàbá fi ọwọ́ pa gìtá àtijọ́ náà lọ́rùn, ó gbé e fún un, ó sì gbé ọwọ́ lé Bándélé lórí. "Olúwa tó rán ọ láti gbà wá lọ́wọ́ ikú, kò ní jẹ́ kí ikú wọ ilé rẹ." Bándélé ṣe àmín, ṣùgbọ́n kò lè wojú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, iná gbé akọrin kan nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ìjọ mìíràn lójú ọ̀nà Àkúrẹ́. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Bàbá Barnabas ti gbọ́, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ó ń rò ó pé òun ti di ikú lẹ́rù fún ọmọ tó ṣe òun lóore. Àwọn ará ilé Ìbíjọkẹ́ júwe ilé fún un, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo.

Bándélé wà níbi iṣẹ́. Ìbíjọkẹ́ ni bàbá bá nílé, pẹ̀lú Èyítáyọ̀, ọmọbìnrin wọn, tó gbé gìtá náà lé itan, tó ń ta á.

"Ìyàwó wa, gbà á lọ́wọ́ ọmọ yẹn," ni bàbá wí kó tó jókòó. Ó wá ṣàlàyé.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, Bàbá?"

"Ọkọ rẹ fúnra rẹ̀. Ó ní gbogbo irú rẹ̀ ni, kò sì lóògùn."

Ìbíjọkẹ́ wo ògiri, ó wo ọmọ rẹ̀. "Ó mọ̀, ó sì gbé wọn kọ́ síbi tọ́wọ́ ọmọ tó?"

"Ìfẹ́ ló dè é lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ràn nǹkan kì í lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Jẹ́ kí n bá a ṣe é."

Ìbíjọkẹ́ pe fóònù ọkọ rẹ̀ títí, ìpàdé ni ó wà, kò gbé e. Ló bá mú àáké wá. Bàbá kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sẹ́yìnkùlé. Tirẹ̀ ló kọ́kọ́ là. Ó ń là á, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ẹran ọ̀sìn tó fẹ́ pa. Lẹ́yìn náà, wọ́n dáná sun wọ́n.

Èéfín ṣì ń rú nígbà tí Bándélé dé. Ó rí okùn gìtá tó ká jọ nínú eérú, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Má sunkún, ọmọ mi," ni bàbá wí. "Ewu ti kọjá."

"Kò sí iná nínú wọn, Bàbá." "Irọ́ ni mo pa fún yín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni."

Bàbá kò bú u. "O ò ṣe sọ bẹ́ẹ̀?" ni ó wí. "Àwọn ọmọ ìjọ wa ń fi gìtá yẹn ṣe mí lẹ́fẹ̀, wọ́n ní ó ti gbó. Èmi nìkan ló kù tó fẹ́ràn rẹ̀. À bá jọ máa fẹ́ràn rẹ̀."

Títí di òní, ògiri pálọ̀ Bándélé ṣófo. Ó ti wá irú gìtá náà káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láti Iwaraja dé Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Ìdáhùn kan náà ló ń gbọ́: "Èyí tó ń pa èèyàn yẹn? Bàbá Barnabas ti kìlọ̀ fún wa nígbà tí iná gbé akọrin yẹn. A ti sun tiwa."

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ẹ fi í kọ́ ọmọ yín. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn fẹ́ràn ohun tó dára. Ọlọ́run ló fi ìfẹ́ ohun rere sí wa lọ́kàn. Ojúkòkòrò ni Ó kọ̀. Bí ohun ẹlòmíràn bá wù wá, ká fi òtítọ́ sọ ọ́ fún un, bí kò bá sì yọ̀ǹda rẹ̀, ká bá a yọ̀ pé ó ní i. Ẹ sì jẹ́ ká ṣọ́ra fún irọ́, pàápàá èyí tí a pa fún olóòótọ́, nítorí pé tọkàntọkàn ni yóò fi ṣiṣẹ́ lé e lórí, ohun tí a tìtorí rẹ̀ purọ́ gan-an ni yóò sì bá a lọ.