Ìjà Tí Kò Tíì Tán Lọ́wọ́ Seijun

Nígbà tí Ishimine Seijun wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Naha, ní erékùṣù Okinawa, kò sẹ́ni tó sìn ín débẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé nítorí Kochinda Anken ló ṣe ń lọ. Abẹ́ olùkọ́ kan náà làwọn méjèèjì ti kọ́ kárátè láti kékeré, wọ́n sì máa ń jẹun nílé ara wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n jà níwájú àwọn àgbà, orí Seijun ni ìtìjú ìjà náà dà lé. Láti ọjọ́ náà, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni nílé Anken mọ́. Ìyá Anken nìkan ló lọ bá kó tó lọ. Ó ní òun ń lọ kọ́ ohun tí òun kò mọ̀, pé bí òun bá mọ̀ ọ́n tán, òun á padà wá bá Anken.

Ó kọ́kọ́ dé ìlú Kumamoto ní ilẹ̀ Japan, lọ́dọ̀ Baba Murozono, ẹni tó ń kọ́ni ní gídígbò àtijọ́. Àwọn ọmọ ilé ìjà náà ti gbọ́ òkìkí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, wọ́n fẹ́ rí i. Seijun kò gbé e sókè fún wọn. Wọ́n ní ó ń fi í pa mọ́ de ẹnìkan ni.

Ohun tó ní kí Baba kọ́ òun ni bí ìbàdí ṣe ń wọ abẹ́ ẹni tó wúwo. Ó tètè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tó bá gbé ènìyàn sókè tán, kì í sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò gbé e kalẹ̀. Èyí bí Baba nínú.

"Ìwọ ará erékùṣù yìí, o gbé ènìyàn tán, o wá ń rọra gbé e kalẹ̀ bí ẹyin. Ta ló ń fi ìyẹn ṣẹ́gun?"

"Baba, ẹ má bínú. Ẹni tí mo ń kọ́ ọ dè tóbi jù mí lọ. Tí mo bá lè gbé e kalẹ̀ bó ṣe wù mí, á jẹ́ pé mo ti mọ̀ ọ́n lóòótọ́."

"Ọ̀tá ẹ ni?"

"A jọ ja ìjà kan ni, Baba. Ìjà náà ò tíì tán lọ́wọ́ mi."

Baba kò bi í mọ́. Seijun mú Gonda, ẹni tó sanra jù tó sì ya ọ̀lẹ jù láàárín àwọn ọmọ ilé ìjà náà, ó ní bí òun bá ń gbé e, kó má di òun mú, kó má sì ran òun lọ́wọ́ rárá. Iṣẹ́ náà tẹ́ Gonda lọ́rùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sùn lọ fọnfọn ní èjìká Seijun, ó ń hanrun. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Seijun rọra tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó tẹrí ba fún un bí ẹni ń dúpẹ́.

Ní Osaka, ó bá àwọn ará Okinawa tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ òwú pàdé. Ó bi wọ́n léèrè Anken. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ abọ́ oúnjẹ wọn.

"Ó ṣì wà níbi tó o fi í sí," ni ọ̀kan wí.

Láti ibẹ̀ ló ti gba orí òkè Wakayama lọ, lọ́dọ̀ opó kan tó ń jẹ́ Tatsu. Ìjà ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ń kọ́ni: obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ yìí a fi ọwọ́ kan yí géńdé padà bí ẹni ń ká aṣọ. Seijun ní kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń mú ènìyàn tí onítọ̀hún kò fi ní mọ̀ pé wọ́n ti mú òun.

"Èémí ẹ ló ń tú àṣírí ẹ," Tatsu wí. "Kí ọwọ́ ẹ tó dé ara ẹ̀, ó ti gbọ́ ẹ, ara ẹ̀ ti le."

Òtútù mú, òtútù lọ, ó ṣì wà lórí òkè náà. Ìdúró Naha, tó ń mú ẹsẹ̀ ta gbòǹgbò, ìbàdí Kumamoto, ọwọ́ Tatsu: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ara wọn títí kò fi sẹ́ni tó lè sọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Tatsu ní kó fún ìjà tuntun náà lórúkọ, kó dúró, kó máa fi kọ́ni.

"Ẹnìkan ṣoṣo ni mo kọ́ ọ fún, Mà."

"Ṣé agbára ṣì wà lára ọkùnrin náà?"

Seijun fẹ́ dáhùn, omi ló já bọ́ lójú rẹ̀. Tatsu lọ di oúnjẹ ọ̀nà fún un.

Wọ́n ń gé ìrèké lọ́wọ́ nígbà tó padà dé Naha. Kò yà sí ilé ara rẹ̀. Ìyá Anken ló ṣílẹ̀kùn, irun rẹ̀ ti funfun tán. Seijun wólẹ̀, ó fi iwájú orí kanlẹ̀.

"Ṣé o ti kọ́ ọ tán?"

"Mo ti kọ́ ọ, Mà."

"Anken ti gbọ́ ohùn ẹ. Ó ní kí n ṣí ilẹ̀kùn tó kọjú sí òkun." Obìnrin náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Wọlé."

Seijun kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ẹ̀yìn Anken, ẹ̀yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá dá lọ́jọ́ ìjà wọn, ó gbé e kúrò lórí ẹní tí kò ti lè dìde láti ọjọ́ náà, ó sì gbé e jáde lọ wo òkun láì jẹ́ kó ké ìrora.