Yàrá Aláwọ̀ Ewé

Láyé àtijọ́, nígbà tí dókítà ṣì ń gun ẹṣin lọ wo aláìsàn nílé, ọkùnrin kan wà tí kì í gbà láéláé pé òun jẹ̀bi. Iṣẹ́ ọ̀dà ló ń ṣe. Ó ń po ó, ó ń tà á, ó sì ń kùn ún sára ògiri fún ẹni tó bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Èmi-kọ́. Bí àwo bá fọ́, "Èmi kọ́." Bí ewúrẹ́ bá já okùn, "Èmi kọ́." Ìyá rẹ̀ a máa wí pé, "Ìwọ yìí, bí wọ́n bá ká ọ mọ́ ìdí ìkòkò pẹ̀lú ẹran lẹ́nu, wàá ní ẹran ló fò wọ ibẹ̀." Gbogbo ilé a bú sẹ́rìn-ín. Wọn kò mọ̀ pé àrùn ni wọ́n ń fi ṣe ẹ̀rín.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, obìnrin aránṣọ kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọkùnrin méjì lọ́mọ rẹ̀, ọ̀kan ọdún méje, èkejì ọdún márùn-ún, àti ọmọbìnrin jòjòló kan tó ń bá ìyá rẹ̀ sùn. Nígbà tí Èmi-kọ́ rí ìyẹ̀fun ọ̀dà tuntun kan rà, èyí tó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé lẹ́yìn òjò, ó lọ fi kun yàrá àwọn ọmọkùnrin náà. Ó ní ẹ̀bùn ni. Àwọn ọmọ náà ń jó yí i ká bó ti ń kùn ún.

Lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ta ìyẹ̀fun náà fún un. "Ẹ má ṣe lò ó ní yàrá tí èèyàn ń sùn. Bí ògiri bá rin, májèlé ń bá afẹ́fẹ́ jáde nínú rẹ̀." Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òpópónà méjì péré ló wà láàárín òun àti àbúrò rẹ̀, òjò kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé, báwo ni òun yóò ṣe wí i? Ó ti lẹ́tà náà sábẹ́ àwọn búrọ́ọ̀ṣì nínú dúrọ́ọ̀.

Òjò dé. Ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Yàrá náà ń rùn bí ẹni pé wọ́n ń bó aáyù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí aáyù nínú ilé. Ọmọ ọdún márùn-ún, tó ń sùn létí ògiri, bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Dókítà ní òtútù ni, kí wọ́n ti fèrèsé. Ìyá ti fèrèsé pa. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọmọ náà kú.

Bí wọ́n ti sin ín tán, ìyá rẹ̀ fa Èmi-kọ́ sí kọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí nǹkan nínú ọ̀dà yẹn? Òórùn yàrá yẹn ò yé mi."

"Ọ̀dà kẹ̀? Ọ̀dà wo ló ń pa èèyàn? Ṣé èmi ni mo máa pa ọmọ ẹ ni?"

"Ẹ má bínú. Ìbànújẹ́ ló ń bá mi sọ̀rọ̀."

Èmi-kọ́ jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ bẹ òun. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Kí òjò tó dá, ọmọ ọdún méje náà tẹ̀lé àbúrò rẹ̀ lọ sí sàréè.

Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìyá wọn ló ń pa wọ́n jẹ. Àwọn oníbàárà wá ń gba aṣọ wọn padà láìrán. Inú ṣọ́ọ̀bù Èmi-kọ́ gan-an ni obìnrin kan ti pe àbúrò rẹ̀ ní àjẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbójú sókè. Ọ̀dà ló ń pò.

Aránṣọ náà kò lè fi yàrá àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lófo. Ó gbé jòjòló lọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, nítorí òórùn orí wọn ṣì wà lára ìrọ̀rí. Kò pẹ́ tí èyí náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ìyá arúgbó tó máa ń lọ ìyẹ̀fun fún Èmi-kọ́ wá kí aránṣọ náà kú ọ̀fọ̀. Bó ti wọ yàrá, ó dúró ṣánṣán. "Ọmọ mi, gbé ọmọ yìí jáde! Òórùn ibi iṣẹ́ wa nìyí." Ó na ọwọ́ rẹ̀. Ìyẹ̀fun náà ti jẹ èékánná mẹ́rin kúrò níbẹ̀. "Wọ́n kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó kà á sí mi létí, ó sì fún mi láṣọ kí n máa fi bo imú. N ò mọ̀ pé ó ti kùn ún síhìn-ín."

Ìyá gbé ọmọ sẹ́yìn, ó di ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Lẹ́tà dà?"

"Lẹ́tà wo?"

Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ fúnra rẹ̀. Ó kà á lórí ìdúró, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ pátápátá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún ẹni tó ń bá yín lọ ìyẹ̀fun láṣọ ìbomú. Ṣùgbọ́n èmi ọmọ ìyá yín, ńṣe lẹ jẹ́ kí n máa bẹ̀ yín pẹ̀lú erùpẹ̀ sàréè ọmọ mi lọ́wọ́."

Èmi-kọ́ bú sẹ́kún. "Mo rò pé òjò á dá."

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, adájọ́ sì fi Èmi-kọ́ sẹ́wọ̀n ọdún méjìlá. Kò sẹ́ni tó lọ wò ó. Nígbà tó jáde, irun rẹ̀ ti funfun, ó sì tọ́pa àbúrò rẹ̀ dé àdúgbò mìíràn. Ọmọbìnrin kan, ọ̀dọ́langba, ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ káàsán, bàbá. Màámi ti lọ gbé aṣọ fún oníbàárà. Ṣé ẹbí wa ni yín?"

Èmi-kọ́ bi í léèrè. "Ṣé... ṣé màmá ẹ ní ẹ̀gbọ́n?"

"Wọ́n ní ọ̀kan. Ọdún tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi kú lòun náà kú. Màámi ní ó fẹ́ràn wa gan-an. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n bu omi fún yín."

Kí ọmọ náà tó bu omi dé, ó ti lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹnì kankan nínú ẹbí rẹ̀ kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kọ́gbọ́n. Àṣìṣe ni kíkùn tó kun yàrá náà, kò sì sí ẹni tí kì í ṣì í ṣe láàárín wa. Ìpànìyàn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tó ka lẹ́tà tó sì dákẹ́. Ìtìjú ìjẹ́wọ́ kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti wọlẹ̀ kì í padà. Bí o bá mọ ohun tó lè gba ẹ̀mí là, má dúró dìgbà tí ọ̀rọ̀ náà yóò dùn ún sọ. Dìde, kí o lọ sọ ọ́ lónìí, bí ẹsẹ̀ rẹ tilẹ̀ ń gbọ̀n.