Ilé Tí Ìgbín Pọ̀n Wá Sílé Ọkọ

Àlọ́ mi ń rìn bọ̀, ó yà sọ́dọ̀ Alángbá tó háwọ́, tó fẹ́ gbé Ìgbín níyàwó.

Alángbá ní, "Nílé tiwa, ìyàwó ló ń gbọ́ bùkátà ìgbéyàwó: oúnjẹ, ọtí, títí kan ilé tí a ó máa gbé."

Ìgbín ní, "Mo ti gbọ́, olówó orí mi."

Ó se oúnjẹ, ó ra ọtí, ó sì pọn ilé rẹ̀ wá.

Bí àlejò ṣe túká, ọyẹ́ dé. Ìgbín wọlé, ó tilẹ̀kùn. Alángbá forin bẹ̀bẹ̀:

Ìgbín, ṣílẹ̀kùn fún mi o,
*Jàńjálá jàlá.*
Ọyẹ́ ń mú ọkọ rẹ níta,
*Jàńjálá jàlá.*

Ìgbín fèsì látinú ilé pé, "Olówó orí mi, ṣé èmi ni mo nilé? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, mirí kí n rí i."

Títí dòní ni Alángbá ń mirí lára ògiri. Kò tíì yé e pé ẹni tó tilẹ̀kùn mọ́rí kì í rí ẹni tó ń mirí níta.