Ohùn Ládàánì

Ó pé ọdún méjìlélógún tí Nùrẹ́nì ti ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí àdúgbò wọn ní Igando. Télọ̀ ni, ṣùgbọ́n Ládàánì ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Nígbà tí òòyì kọ́kọ́ gbé e ṣubú lójú títì, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni. Àwọn kan ní ó ti mutí. Ó fẹ́ ṣàlàyé, èébì ló jáde, ìyẹn ò sì ṣe ẹjọ́ rẹ̀ lóore kankan.

Dókítà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá fi ẹ̀rọ bò ó létí, ó ní kó na ọwọ́ bó bá ti ń gbọ́ ohùn. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ nílẹ̀.

"Bàbá, omi inú etí yín ló pọ̀ jù. Òun ló ń fa òòyì, òun náà ló ń jẹ etí yín. Ẹ ó máa gbọ́ lónìí, ẹ ò ní gbọ́ lọ́la. Tó bá yá, ó lè lọ pátápátá."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ẹ dín iyọ̀ kù."

Iyọ̀! Ó bẹ Àdíját, ìyàwó rẹ̀, kó má sọ fẹ́nì kankan. Bí wọ́n bá gba ìrun pípè lọ́wọ́ òun, kí ló kù?

Láìpẹ́, hóò ló kù nínú etí rẹ̀, bí omi ẹ̀rọ tí wọn ò tì. Abdulganiyy, àbúrò rẹ̀, ló ń dì í mú débi máìkì, á wá lọ tan ẹ̀rọ nínú yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Nùrẹ́nì kì í mọ̀ bóhùn òun lọ sókè tàbí ó já.

"Báwo lohùn mi lónìí?"

Àdíját á pariwo sí etí ọ̀tún, èyí tó sàn díẹ̀. "Ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Bàbá Aasiyah!"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Hamdalah ará ilé wọn náà pariwo: "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ ikọ́ o! A gbọ́ ọ nínú ìpè àárọ̀!"

Nùrẹ́nì ò hukọ́. Ó rò pé etí òun tún ti ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ ni. "Àmín," ló dáhùn. Àmín kì í ṣìnà.

Lọ́jọ́ kejì, Lèmọ́mù ránṣẹ́ pè é.

"Ládàánì wa, wọ́n ní ara yín ò yá."

"Òòyì lásán ni, Lèmọ́mù. Ohùn mi ò ṣe nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́."

Lèmọ́mù wojú ilẹ̀. "Ẹ̀yin náà lẹ ó máa pè é, títí Ọlọ́run á fi pe ẹ̀yin náà."

Nígbà tí Aláásárì tó, Nùrẹ́nì dúró níwájú máìkì, ó fọwọ́ bo etí, ó pe ìrun tomijé tomijé.

Nínú yàrá ẹ̀rọ, Abdulganiyy ń wo ètè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú fèrèsé, ó gbé máìkì kan ṣoṣo tí wáyà rẹ̀ so mọ́ ẹ̀rọ sẹ́nu, ó sì pe ìrun fún gbogbo àdúgbò, bó ti ń pè é láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn tí Lèmọ́mù ti bẹ̀ ẹ́.