Etí Ermes àti Ariwo Inú Ọkọ̀ Pupa

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí iṣẹ́ ọwọ́ yín ti sọ di ẹni iyì.

1.
Ermes Cavazzuti ni mẹkáníìkì tí àwọn tó ní ọkọ̀ ìsáré máa ń wá ní agbègbè wa, nítòsí ìlú Modena ní ilẹ̀ Ítálì. Wọ́n ní kí ọkọ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á ti fi etí mọ ohun tó ń ṣe é. Ó ti tó ogójì ọdún tí òkìkí yìí ti wà lára rẹ̀. Norina, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Òun náà mọṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n bá ti sọ, abẹ gé e.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni pé etí Ermes ti ń kú. Dókítà ní kó máa lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ó kọ̀. Ó ní kí ni àwọn èèyàn á wí?

2.
Tosca Bellentani, olùkọ́ kan, gbé ọkọ̀ pupa tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ wá. Ọdọọdún ni bàbá náà máa ń fi í sá eré ìje ọkọ̀ tí wọ́n ń sá gun òkè, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi to ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó kú nígbà òtútù. Tosca fẹ́ fi ọkọ̀ náà sá eré ìje yẹn lẹ́ẹ̀kan péré ní orúkọ bàbá rẹ̀. Àmọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, tó ń gòkè, ohun kan á máa dún nínú rẹ̀.

Ermes bá a wa ọkọ̀ náà káàkiri. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó mi orí, ó ní fáàfù ni, ó sì tún un ṣe. Lọ́jọ́ kejì Tosca padà wá, ó ní ó ṣì ń dún. Ermes wá fi ọwọ́ tú abẹ́ ọkọ̀ títí ó fi rí nọ́ọ̀tù kan tó dẹ̀ lára sàlẹ́ńsà. Ó dè é. Inú rẹ̀ dùn, ó sì sọ ọ́ fún gbogbo ilé kọfí pé òun ti rí i.

Norina wa ọkọ̀ náà lọ sórí òkè. Ariwo ti sàlẹ́ńsà ti lọ lóòótọ́, àmọ́ òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀, kó-kó-kó, láti ikùn ẹ́ńjìnnì.

“Ẹ̀gbọ́n, ó ṣì kù. Ẹ jẹ́ ká tú ọ́ìlì rẹ̀ wò, bóyá ẹ̀rún irin wà níbẹ̀ tó máa fi hàn pé nǹkan ti ń jẹ nínú rẹ̀.”

“Ṣé ìwọ ló fẹ́ máa kọ́ mi ní ohùn ẹ́ńjìnnì báyìí?”

“Mi ò kọ́ yín. Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ ni?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí gan-an ni ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún un. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kó sọ. Àmọ́ Ermes ní, “Mo gbọ́ ọ. Kò sí nǹkan níbẹ̀.”

3.
Lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n sá eré ìje náà, àwọn èèyàn tò sí ẹ̀gbẹ́ òkè pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ. Bí Tosca ṣe wa ọkọ̀ pupa náà dé kọ́nà kẹta, irin inú ẹ́ńjìnnì já, ó lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Ọ́ìlì dà sábẹ́ táyà, ọkọ̀ yọ̀, ó sì kọlu ògiri òkúta. Apá ọ̀tún Tosca kán síbi méjì. Ẹ́ńjìnnì tí bàbá rẹ̀ tò là, kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Ermes lọ bá a nílé ìwòsàn, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Norina ń bọ́ Tosca lọ́bẹ̀. Tosca ní kí Ermes jókòó sítòsí, ó rọra bi í pé, “Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ gbọ́ ariwo yẹn?”

Ermes gbé fìlà lé orúnkún. “Mi ò gbọ́ ọ. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí etí mi ò ti gbọ́ irú ẹ̀ mọ́.”

Norina gbé ṣíbí sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbẹ́ yín ni mo wà láti àárọ̀ dalẹ́. Ǹ bá ti máa gbọ́ ọ fún yín.”

4.
Kò sẹ́ni tó pè é lẹ́jọ́. Àwọn oníbàárà kàn ń kó ọkọ̀ wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Norina gba iṣẹ́ níbòmíràn. Kí ìgbà ìkórè àjàrà tó dé, ṣọ́ọ̀bù ti tì. Apá Tosca jinná, àmọ́ ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé sójú pátákó báyìí.

Ẹ̀yin tó ń kàwé yìí, tí ojú yín ò bá ríran bíi tàná mọ́, tí etí bá ń kú, tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, ẹ sọ fún ẹni tó sún mọ́ yín kí ó tó fi ẹ̀mí ẹlòmíràn wewu. Kò sí ìtìjú nínú “mi ò gbọ́.” Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.