Àpá Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀gá Awakọ̀ Òfuurufú

Gúrúùpù orí fóònù àwa olólùfẹ́ eré sinimá ọkọ̀ òfuurufú ń gbóná janjan.

Nínú eré àkọ́kọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni àpá ọ̀gá awakọ̀ wà. Nínú èyí tuntun tó ń sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀, ọ̀tún ni!

"Àbí àpá náà lẹ́sẹ̀ ni?" Télọ̀ ló béèrè bẹ́ẹ̀.

"Ẹ lé ẹni tó kun ojú rẹ̀ dànù!" Ìyá Ìbejì ló fèsì.

Olùdarí eré wà nínú gúrúùpù yìí. Ó ń ka gbogbo rẹ̀.

Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kójú ó ti ìránṣẹ́ rẹ. Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé: "Ẹ̀yin ará, ẹ rọra. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí wọ́n bá bí ọ̀gá ní ìbejì ńkọ́? Bó bá jẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ là ń wò?"

"Yéè!" Ìyá Ìbejì pariwo. "Ó ti yé mi!"

Olùdarí náà dá sí i: "Ẹ ṣeun. Bí a ṣe gbèrò rẹ̀ látilẹ̀ nìyẹn."

Fóònù mi dún.

"Àǹtí, má wulẹ̀ dá àpá yẹn padà sí òsì mọ́ o," ni olùdarí wí. "Ọ̀tún ni kó o máa kùn ún sí."

"Ẹ ṣé, sà."

Lọ́jọ́ tí mo ṣe àṣìṣe náà, àwòrán ọ̀gá láti inú eré àkọ́kọ́ ni mo lẹ̀ mọ́ dígí. Inú dígí náà ni mo sì ń wojú òṣèré bí mo ṣe ń kùn ún; dígí a sì máa yí òsì padà sí ọ̀tún.