Ìwọ̀n Kò Mọ Omi Yàtọ̀ sí Ọ̀rá

Séverin ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀ wọ agbo ilé wọn ní Pobè, ó fi okùn de ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀kúrọ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni kó tó pe àbúrò rẹ̀ pé kó wá dúró lórí ìwọ̀n náà. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó kàwé, ṣùgbọ́n alágídí ni. Ohun tó bá ti mọ̀, kò sí ẹni tó lè fi kún un fún un.

Ọdún kejì tí Dahomey gba òmìnira ni. Innocent, kọmí kan, ìyẹn akọ̀wé, ní bírò ìjọba ní Sakété, ti wá tọrọ Rébecca, àbúrò Séverin, wọ́n sì ti dá ọjọ́ ìyàwó. Séverin ń retí pé àna òun yóò fi òun sí iṣẹ́ ní bírò náà. Ó ti rí ìyàwó àwọn kọmí ní Àjàṣẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n. Rébecca ní tirẹ̀ sanra dáadáa, ìyá wọn, Berthe, sì tún ń bọ́ ọ sí i, nítorí nílé wọn, ìyàwó tí egungun ọrùn rẹ̀ bá yọ síta, ìyá rẹ̀ ló dójú tì.

"Màmá, ẹ má fún un ní èkuru mọ́," ni Séverin wí. "Oúnjẹ tí ara kò bá lò, ọ̀rá ló ń sọ ọ́ dà. Bí oúnjẹ bá dín, ara á máa jó ọ̀rá yẹn bí àtùpà ṣe ń jó epo. Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé."

"Ṣé ilé ìwé ló bá mi bí i?" ni ìyá rẹ̀ fèsì, ó sì ń po epo pupa mọ́ èkuru lọ.

Rébecca wo àwọn méjèèjì. "Ara mi lẹ ń du mọ́ra yín lọ́wọ́ yìí. Ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí."

Síbẹ̀, wọn kò bi í.

Séverin gba oúnjẹ bíbù lọ́wọ́ ìyá wọn, ó sì dín ti Rébecca kù. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìwọ̀n rẹ̀ já wálẹ̀ kíákíá, Séverin sì ń yan káàkiri ilé bí ọdẹ tó pa ẹfọ̀n. Lọ́sẹ̀ kejì, abẹ́rẹ́ ìwọ̀n náà dúró sójú kan. Ó gba ọ̀dọ̀ Basile lọ, ẹni tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn.

"Ẹ̀gbọ́n Basile, ẹ jọ̀ọ́, iyọ̀ ìṣunú, èyí tí wọ́n ń lò bí inú bá kì, ni mo wá gbà. Kó pọ̀ díẹ̀."

Basile béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín. "Kò sí ohun tó ṣe àbúrò rẹ. Ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú ṣúgà díẹ̀ pamọ́, pẹ̀lú omi ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Bí oúnjẹ bá dín, ìyẹn ló kọ́kọ́ ń lọ, omi á sì bá a lọ. Ohun tó yá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọ̀rá kì í yára. Bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ rù, kó máa jẹun níwọ̀n, kó máa rìn, kó ní sùúrù. Iyọ̀ ìṣunú, omi nìkan ló máa fà jáde."

"Mo mọ̀," ni Séverin wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kò mọ omi yàtọ̀ sí ọ̀rá. Ojú àwọn ará Sakété náà kò sì mọ̀ ọ́n."

"Omi yẹn ni ẹ̀jẹ̀ fi ń rìn, Séverin. Iyọ̀ inú ara tó máa bá omi náà jáde lára ọmọ náà, ọkàn kò lè lù dáadáa láìsí i."

"Ẹ kúkú sọ pé ẹ ò ní fún mi."

Basile kò fún un. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú níí le. Séverin kò gbà. Ó lọ ra iyọ̀ náà lọ́wọ́ oníṣòwò kan, ó ń pò ó mọ́ ẹ̀kọ mímu Rébecca láràárọ̀, ó ní oògùn tó ń mú ojú dán ni. Ó sì gbé ìkòkò omi kúrò ní yàrá rẹ̀.

Ètè Rébecca là. Òrùka ń yọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Séverin nawọ́ sí ìwọ̀n. "Màmá, ẹ wò ó bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Nọ́mbà kì í parọ́."

"Èmi ò mọ nọ́mbà. Ojú ọmọ mi ni mo mọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Innocent fẹ́ wá kí wọn, Rébecca ń ró aṣọ lọ́wọ́ nígbà tó ṣubú lulẹ̀, ìka rẹ̀ ká kò, kò ṣe é tú. Wọ́n sáré lọ pe Basile. Ó ń fún un lómi tí a fi iyọ̀ àti ṣúgà sí, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi lajú, ó sì sọ ohun tí Séverin wá béèrè lọ́wọ́ òun fún un. Orí ẹní ni Innocent bá a.

"Kí ló ṣe é?"

"Ooru ni," ni Séverin dáhùn.

Rébecca fi ìgúnpá gbéra sókè. "Irọ́ ni. Séverin ló fi iyọ̀ ìṣunú sínú ẹ̀kọ mi, tó sì fi omi dù mí, kí n lè wù yín."

Láti kékeré, Ẹ̀gbọ́n ló ń pè é; ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀.

Innocent yíjú sí Séverin. "Ta ló sọ fún ọ pé tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fẹ́ ẹ?"

"Ìmọ̀ ni mo fi ṣe é. Inú ìwé ni—"

"Bí o bá lè fa omi gbẹ lára ọmọ ìyá rẹ, kí lo máa ṣe fún àwọn tí kò bá ọ tan, tí wọ́n bá wá sí bírò? Má wá bá mi ní Sakété."

Berthe gbé abọ́ èkuru ńlá wá. Rébecca mi orí. "Ẹ dín in kù, Màmá. Ìwọ̀nba tó tó mi ni màá jẹ. Bí mo bá sanra, èmi ni. Bí mo bá rù, èmi náà ni." Àgbàrá òjò kò ní òun ò níí wólé, onílé ni kò ní gbà fún un.

Ẹ̀gbọ́n ló yẹ kó sin ìyàwó lọ sílé ọkọ. Àwọn àgbà ilé gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Séverin, wọ́n fún ìbátan wọn kan. Lọ́jọ́ tí Rébecca ń lọ, Séverin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó nawọ́ láti bá a gba ẹrù. Rébecca gbé ẹrù náà sí ọwọ́ kejì, ó sì wọ ọkọ̀ Sakété.

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ gbọ́. Ẹni tí kò mọ̀ lè béèrè; ẹni tó mọ̀, tó sì fi ìmọ̀ rẹ̀ tan ojú jẹ, ìkà ni. Ẹ má fi ara ẹlòmíràn wá ipò fún ara yín. Ẹni tó bá fẹ́ rù, kó jẹ́ pé òun ló fẹ́ ẹ, kó fẹ̀sọ̀ ṣe é, kó jẹun, kó mu omi. Ẹ̀yin tí wọ́n sì ń pàṣẹ fún pé kí ẹ gun ìwọ̀n, ìmọ̀ yòówù kí wọ́n fi halẹ̀ mọ́ yín, ẹ lè kọ̀.